Òdòdó kún igi, èso ò sí: bí ẹ ṣe lè mọ àlejò tí ọ̀gbìn yín ń retí

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbin elégédé sẹ́yìnkùlé, ó tàn bí ẹni pé ó fẹ́ gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́. Ewé rẹ̀ fẹ̀, òdòdó rẹ̀ ń là láràárọ̀, àmọ́ èso tí mo rí ká kò ju méjì lọ. Aládùúgbò kan ní ilẹ̀ ni kò dáa. Ẹlòmíì ní kí n da ajílẹ̀ sí i. Ìyá àgbà kan ní ojú burúkú ló wà lára rẹ̀. Mo da ajílẹ̀ sí i lóòótọ́, ewé ló tún fi pọ̀ sí i. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àárọ̀ kùtù ni òdòdó yẹn ń ṣílẹ̀kùn, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti tì í, kò sì sí oyin kan ní gbogbo àdúgbò wa tó ń wá kanlẹ̀kùn.

Kí èso tó dé, àtíkè òdòdó, ìyẹ̀fun kíkúnná yẹn tó máa ń lẹ̀ mọ́ni níka, gbọ́dọ̀ kúrò lára akọ kó dé orí abo. Igi ò lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a gbé e: atẹ́gùn, oyin, eṣinṣin, àdán, tàbí ẹ̀yin fúnra yín. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín níbí ni bí ẹ ṣe máa wo òdòdó tí ẹ ó fi mọ ẹni tó ń retí, bí ẹ ṣe máa dán an wò bóyá ẹni náà ń wá, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí kò bá wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé ọ̀gbìn yín tilẹ̀ ń retí àlejò?

Kì í ṣe gbogbo wọn. Atẹ́gùn ló ń gbọn àtíkè àgbàdo láti orí rẹ̀ sórí irun ọmọ tó wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo tí wọ́n gbìn ní ìlà kan ṣoṣo gbọọrọ lẹ́bàá ògiri fi máa ń yọ eyín àyọfò. Ẹ gbìn ín ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tán. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ń dá ṣe tiwọn nínú òdòdó kan náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ń so láìgba àtíkè kankan, ẹ ò rí i pé kò ní kóró? Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Abẹ́ ilẹ̀ la ti ń jẹ wọ́n, ara iṣu àti igi ẹ̀gẹ́ la sì fi ń gbìn wọ́n.

Àwọn tó ń retí àlejò ni kòkó, ọ̀pẹ, elégédé, ẹ̀gúsí, kùkúńbà, máńgòrò, kajú, igi irú. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ kan ka oríṣi ọ̀gbìn 115 tó ṣe pàtàkì jù lọ fún oúnjẹ aráyé, wọ́n rí i pé 87 nínú wọn ló ń jàǹfààní lára ẹranko tàbí kòkòrò tó ń gbé àtíkè. Tí ẹ bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ìdá 35 péré nínú 100 oúnjẹ ni, nítorí pé ìrẹsì, àlìkámà àti àgbàdo ló wúwo jù. Ebi kọ́ ni kòkòrò máa kọ́kọ́ fi pa wá bí wọ́n bá tán. Adùn ẹnu wa ló máa kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà owó kòkó.

Ẹ wo ara páálí irúgbìn kùkúńbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ làálàá. Àwọn kan wà tí wọ́n ti tọ́jú débi pé wọ́n ń so láìgba àtíkè, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe fún ọgbà abẹ́ ọ̀rá. Irú ìyẹn ò fẹ́ oyin, bí ó bá sì gba àtíkè, ó lè so wọ́gọwọ̀gọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ojú òdòdó

Àwọ̀, òórùn, wákàtí tó ń là, ibi tó so sí: wọ́n ń sọ ẹni tí òdòdó náà ń pè. Ẹ lọ wo igi irú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ó ta kúrò láàárín ewé lórí okùn gígùn, ó ń mì dirodiro. Ìrọ̀lẹ́ ló ń là, omi dídùn inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí kòkòrò kan lè mu tán. Ta ló ń jáde lóru, tí ara rẹ̀ tóbi, tí kò fẹ́ kí ewé kọ́ òun níyẹ̀ẹ́ bó bá ń fò bọ̀? Àdán ni. Igi oṣè náà ń pè é, òdòdó funfun ńlá tó dorí kodò, tó ń là ní àṣálẹ́. Ẹni tó ń sọ àdán lókò kó rántí pé oníṣòwò irú náà ní ìpín nínú ẹran yẹn.

Elégédé pọ́n bí òòrùn, ó sì ń jí ní kùtù: oyin ló ń wá. Odán tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kò fi òdòdó hàn ẹnikẹ́ni. Inú ohun tí a ń pè ní èso rẹ̀ ni òdòdó wà, kòkòrò tíńtín kan tó jọ agbọ́n ló ń há ara rẹ̀ gba ojú ihò wọlé, ìyẹ́ rẹ̀ a máa já sójú ọ̀nà. Tòmátì àti ikàn ti àtíkè wọn mọ́ inú ọ̀pá kékeré bí iyọ̀ inú agolo tí wọ́n lu ihò sí lórí. Bí oyin tó lágbára bá dì mọ́ ọn, tó gbọn iṣan àyà rẹ̀ gbììì, ni àtíkè tó ń dà. Oyin tí a ń fà oyin rẹ̀ lá kò mọ iṣẹ́ gbígbọ̀n yẹn ṣe. Àwọn oyin ńlá dúdú tó ń gbẹ́ ihò sínú pákó òrùlé, àwọn yẹn mọ̀ ọ́n.

Ṣé òdòdó wá mọ ẹni tó ń bọ̀ ni? Kò mọ̀. Ẹ wo ọ̀ràn òdòdó funfun kan ní Madagascar, erékùṣù ńlá tó wà ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 1862, Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ará Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé òdòdó náà ní ìrù kan tó ṣófo nínú, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ìsàlẹ̀ pátápátá lomi dídùn wà. Ó ní àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà tí ahọ́n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1903, lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àfòpiná yẹn sílẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé: àfòpiná tí ahọ́n rẹ̀ gùn díẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí omi mu yó, ó sì ń bímọ jù. Òdòdó tí ìrù rẹ̀ bá kúrú, àfòpiná á mu omi rẹ̀ láìfi orí kan àtíkè, òdòdó náà ò sì ní so. Èyí tí ìrù rẹ̀ gùn á so. Ìran dé ìran, òdòdó ń fa ahọ́n àfòpiná gùn, àfòpiná ń fa ìrù òdòdó gùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo òdòdó tó wà lóko yín ṣe di ohun tó dà.

Ohun tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dì mú nínú èyí ni pé igi lè rìnrìn-àjò kí àlejò rẹ̀ má tẹ̀ lé e. Ọ̀pẹ tiwa ni. Ìdì òdòdó akọ rẹ̀ máa ń ní òórùn dídùn kan, kòkòrò dúdú kékeré onímú gígùn á sì rọ́ bò ó, wọ́n á jẹun níbẹ̀, wọ́n á yé ẹyin síbẹ̀. Òdòdó abo kò ní oúnjẹ kankan fún wọn, òórùn náà nìkan ló jí lò. Kòkòrò á gbọ́ òórùn, á rò pé akọ ni, á gbé àtíkè wọlé, á rí i pé wọ́n ti tan òun, á jáde. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ọ̀pẹ fi ń so. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pẹ mẹ́rin lọ sí ọgbà Bogor ní Jáfà, ní ilẹ̀ Indonéṣíà, lọ́dún 1848, ẹnikẹ́ni ò gbé kòkòrò yìí dání. Ìgbà tí oko ọ̀pẹ wá gbilẹ̀ ní Màléṣíà, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń rìn láti ìdí ọ̀pẹ kan dé òmíràn, tí wọ́n ń fọwọ́ fín àtíkè sí abo. Onímọ̀ kòkòrò kan, Rahman Syed, ló lọ wò ó ní Kamẹrúùnù, ó rí i pé kòkòrò ló ń ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe atẹ́gùn bí wọ́n ti ń rò. Oṣù kejì ọdún 1981 ni wọ́n tú u sílẹ̀ nínú oko kan ní Johor, ní Màléṣíà. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe fi dópin.

Ti fànílà, èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ mú oúnjẹ ta sánsán, tún dùn ún gbọ́. Mẹ́síkò ló ti wá, àwọn oyin ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ní erékùṣù Réunion, ó kàn ń tàn ni, kì í so, títí Edmond Albius, ọmọ ọdún 12 tó jẹ́ ẹrú, fi igi tín-ín-rín àti àtàǹpàkò rẹ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dún 1841. Ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é di òní. Ọlọ́pẹ tiwa ńkọ́? Ẹ má máa gé òdòdó akọ tó ti gbẹ dànù torí pé kò wuni wò. Inú rẹ̀ ni ọmọ kòkòrò yẹn ń dàgbà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òwú mẹ́ta

Ẹ má fi ojú lásán pinnu. Ẹ wá òwú funfun, dúdú àti pupa. Ẹ mú òdòdó abo elégédé márùn-ún fún òwú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yàn wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹnu wọn ṣì pa ṣùgbọ́n tí orí wọn ti ń pọ́n, nítorí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa là.

Àwọn olówùú funfun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Àwọn olówùú dúdú, ẹ fi àpò kékeré tí ẹ rán láti ara àwọ̀n ẹ̀fọn bò wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, kí kòkòrò má rọ́nà wọlé. Àwọn olówùú pupa, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ọwọ́ gbé àtíkè fún wọn bí mo ṣe máa ṣàlàyé. Ẹ padà wá wò wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ méje.

Bí pupa bá so tí funfun ò so, àlejò ni ò wá. Bí funfun àti pupa bá jọ so, oko yín ní oyin, ẹ dúpẹ́. Bí pupa pàápàá bá já bọ́, ẹ fi kòkòrò sílẹ̀, omi, oòrùn tàbí oúnjẹ ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí dúdú bá so, ọ̀gbìn tó ń dá ṣe tirẹ̀ lẹ gbìn.

Lórí kòkó, márùn-ún ò tó. Òdòdó tí igi kòkó kan ń yọ lọ́dún pọ̀ rẹpẹtẹ, díẹ̀ kíún ló sì ń di èso kódà níbi tí nǹkan ti dáa, nítorí náà ẹ mú 50 fún òwú kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀n ẹ̀fọn ò wúlò níbí, kantíkantí tó ń bẹ kòkó wò á gba ojú rẹ̀ kọjá. Ife ike kékeré tí ẹ gé ìdí rẹ̀, tí ẹ fi aṣọ ṣífọ́ọ̀nù dí, tí ẹ wá fi amọ̀ lẹ̀ mọ́ ara igi, ló máa dá a dúró. Òdòdó tí àtíkè ò dé á já láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọmọ kòkó tó ti jáde tó wá gbẹ dúdú lórí igi, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn: igi fúnra rẹ̀ ló ń dín ẹrù rẹ̀ kù, ẹ má kà á mọ́ ẹ̀bi kantíkantí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ ṣe máa fọwọ́ ṣe é

Elégédé ló rọrùn jù. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ẹ wá òdòdó akọ, ọrùn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí nǹkan nídìí rẹ̀. Abo ní ọmọ elégédé kékeré tó wú sídìí. Ẹ já akọ náà, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ dànù kí ọ̀pá àárín rẹ̀ lè ku òun nìkan, ẹ fi ra àárín abo yíká, tọ̀tún tòsì. Bí ó bá kan ẹ̀gbẹ́ kan nìkan, èso náà á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé ibi tí kóró bá ti wà lara ti ń wú. Ẹ fi òwú di ẹnu abo náà. Ẹ má bẹ̀rù bí akọ nìkan bá ń yọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó ṣe ń ṣe nìyẹn, abo ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tòmátì inú ọgbà abẹ́ ọ̀rá, tàbí inú ìkòkò lójú fèrèsé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹ fi ìka ta ọrùn òdòdó rẹ̀ pẹ́ẹ́ pẹ́ẹ́ lọ́sàn-án tó bá gbẹ. Ó parí.

Kòkó gba sùúrù. Òdòdó rẹ̀ kò tó íńṣì kan ní fífẹ̀. Fìlà kékeré márùn-ún bo àtíkè rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pá pupa márùn-ún sì dúró bí ọgbà yí ẹnu abo, ibi tí òdòdó ti ń gba àtíkè, ká. Láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹ já òdòdó tó là lálẹ́ àná lára igi kan, ẹ yọ àwọn fìlà náà kí àtíkè hàn. Lọ sí ara igi *mìíràn*. Lára òdòdó tí ẹ fẹ́ kó so, ẹ fi èékánná já ọ̀pá pupa kan tàbí méjì kúrò kí ọ̀nà lè là, kí ẹ wá fi àtíkè ra ọ̀pá funfun tó wà láàárín. Ìdí tí mo fi ní igi mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ kòkó Amazon àti àwọn àdàpọ̀ rẹ̀ kì í gba àtíkè ara wọn. Amelonado tí àwọn bàbá wa gbìn ń gba ti ara rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ irú èyí tí ẹ ní, ẹ ṣáà máa gbé e láti igi dé igi.

Ẹ má ṣe é fún gbogbo òdòdó tó wà lára igi. Ìdí igi àti ẹ̀ka ńlá nìkan ni kí ẹ mú. Igi tó bá so ju agbára rẹ̀ lọ tí ẹ ò sì fún un ní ajílẹ̀ á rù hangogo.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ́lé fún àlejò

Fífọwọ́ ṣe é tó fún ẹ̀yìnkùlé, kò tó fún hẹ́kítà mẹ́ta kòkó. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá, ó sì ríre jù ọ̀pẹ lọ, torí pé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá àwọn ìbátan kantíkantí tó fi sílẹ̀ nílé. Ibi ọ̀rinrin tí nǹkan ti ń jẹrà ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Àgbẹ̀ tó gbá abẹ́ kòkó mọ́ fínífíní bí àgbàlá ọba, tó tún wá fín oògùn apakoríko sí i, ó ti wó ilé wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ewé tó já wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gé ara rẹ̀ kélekèle, ẹ kó o jọ sábẹ́ òjìji láàárín kòkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ tún un ṣe bó bá ti gbẹ.

Èèpo kòkó náà dára fún un, ṣùgbọ́n ibí ni mo ti ń ṣọ́ra. Èèpo èso tí àrùn sọ di dúdú, ẹ gbé e jáde kúrò lóko tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá kó o jọ sábẹ́ igi nítorí kantíkantí, òjò á ta àrùn náà padà sókè, ohun tí ẹ fọwọ́ ọ̀tún kó ni ẹ ó fọwọ́ òsì dà nù. Ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní wàhálà yìí, òun ni mo fẹ́ jù.

Fún elégédé àti ẹ̀gúsí, ilé oyin ni. Ẹ gbé àpótí sábẹ́ igi, lókè ilẹ̀ kí èèrà má gùn ún, ẹnu rẹ̀ kó kọjú kúrò ní ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà. Ẹ fi ìda àti ewé tíì ra inú rẹ̀, òórùn ewé tíì jọ èyí tí oyin fi ń pe ara wọn. Oyin ilẹ̀ wa kì í ṣeré: ó gbọ́dọ̀ jìnnà sílé, sí ọ̀nà ilé ìwé àti sí ibi tí ẹ ń so ewúrẹ́ mọ́. Ẹni tí kò bá ní aṣọ oníoyin, kó pe ẹni tó ní. Kí omi wà nítòsí, kí ẹ sì fi igi díẹ̀ sínú omi náà kí wọ́n lè rí ibi bà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fín oògùn

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni èmi máa ń fín tẹ́lẹ̀, torí pé oòrùn ò tí ì mú. Wákàtí tí oyin wà nínú òdòdó gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fín elégédé tàbí ẹ̀gúsí, ó di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí òdòdó ti pa ẹnu dé, kí ẹ sì ka ara ìgò bóyá oògùn náà ń pa oyin fún ọjọ́ púpọ̀. Ti kòkó le jù, nítorí kantíkantí ń jáde láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀, igi tí ẹ bá rí kòkòrò tó ń mu omi ara rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fín, kì í ṣe gbogbo oko torí pé ọjọ́ fífín pé.

Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀

Tòmátì tó wà ní òkè Andes, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà láéláé ń yọ ẹnu abo rẹ̀ síta, oyin ló ń dúró dè. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé e láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ tí oyin rẹ̀ ò sí, èyí tó bá so láìrí oyin ni wọ́n ń mú irúgbìn lára rẹ̀, ọdún dé ọdún, títí ẹnu abo fi wọlé sáàárín àtíkè. Àgbẹ̀ ló ṣe ìyẹn láìmọ̀. Ẹ̀yin náà ń ṣe irú rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá yan èso tí ẹ máa gbẹ́ kóró rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí irú elégédé kan má dà pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò, ẹ fọwọ́ ṣe é, kí ẹ di ẹnu òdòdó náà pa kó tó là àti lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má mú gbogbo irúgbìn lára èyí tí ọwọ́ yín bá ṣe, ẹ ò ní mọ èyí tí òdòdó rẹ̀ mọ àlejò pè. Òwú aláwọ̀ ewé ni èmi máa ń so mọ́ ọrùn elégédé tí oyin bá dá ṣe. Mo ń fi wọ́n sílẹ̀ títí èèpo wọn á fi le, lẹ́yìn náà mo sá kóró wọn sórí àwo níwájú ilé, ìgò tí mo kó wọn sí sì wà lọ́tọ̀.